Ẹ̀rọ Ní Kí Kaosarah Fi Ẹ̀rí Hàn Pé Èèyàn Ni Òun

Nílé Sàídì kafíńtà ní Òkè Gàdà, bí fóònù bá ń sọ̀rọ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́. Òfin ilé nìyẹn. Sàídì á gbé ayùn sílẹ̀, Àwáwù ìyàwó rẹ̀ á yé fi ìdí ìkòkò gbolẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ sín á fọwọ́ dimú. Kaosarah ọmọ wọn ló ni fóònù náà. Kaosarah kò ríran, láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú fóònù sí i létí, lédè Gẹ̀ẹ́sì, wàràwàrà, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Ìyá Òyìnbó ni gbogbo agboolé ń pe obìnrin náà.

Ẹ má sì rò pé Kaosarah nìkan ni Ìyá Òyìnbó ń ṣe lóore o. Comfort, Ìyá Esther, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ògiri kan ṣoṣo pààlà òun àti ilé Sàídì, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kaosarah ló bá a tan ohùn náà sí fóònù tirẹ̀, ìyẹn ló fi ń gbọ́ Sáàmù láràárọ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Àwáwù fúnra rẹ̀ kò mọ̀wé. Kaosarah ṣe fóònù rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá pè, fóònù á kígbe orúkọ onítọ̀hún síta. Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi ọjọ́ tí Ààfáà Abdulmujeeb, aládùúgbò wọn, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní kí òun pe nọ́ńbà Àwáwù wò bóyá òun kọ ọ́ dáadáa. Fóònù figbe ta láti inú yàrá: "Ààfáà Olófòófó! Ààfáà Olófòófó!" Ó pẹ́ kí Ààfáà tó tún bá wọn jẹun nílé náà.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, Ọjọ́bọ̀ ni. Yunifásítì kan ti gba Kaosarah wọlé láti lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìdánwò ti parí, owó tó yẹ kí wọ́n san ti di sísan, ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ọmọ náà wọ ojú-ewé ilé-ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Mo gbà" sí. Tẹ̀ báyìí, ó parí. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n máa ti ojú-ewé náà pa, ẹni tí kò bá sì tíì tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé àyè rẹ̀ fún.

Nǹkan kan tún wà lẹ́yìn èyí. Sìmbíátù, àbúrò Sàídì tó wà ní Awo, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ń wá ẹni tí yóò máa bá a gbé ọmọ. Sàídì ti ṣèlérí fún un pé bí ọ̀rọ̀ yunifásítì bá forí ṣánpọ́n títí di alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó wá mú Kaosarah láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì. Ó sọ ọ́ fún Àwáwù. Ẹran kò sí nínú ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Kaosarah jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó tan fóònù. Ìyá Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú-ewé sí i. Lójijì ni Kaosarah dáwọ́ dúró.

"Kí ló dé?" Àwáwù bi í láti ìdí ẹ̀wà tó ń sè.

"Màámi, wọ́n ti tún ojú-ewé yìí ṣe. Nǹkan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ó ní kí n fi ẹ̀rí hàn pé èèyàn ni mí, pé mi ò kì í ṣe ẹ̀rọ."

Àwáwù gbé ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rọ náà ni, mà."

"Ẹ̀rọ! Ẹ̀rọ ló ń bi ọmọ mi léèrè bóyá ẹ̀rọ ni? Hààà! Ẹ gbà mí!" Ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó sì gbé ẹnu sún mọ́ fóònù. "Ìwọ Ìyá Òyìnbó, gbọ́ o. Èmi Àwáwù ni mo bí ọmọ yìí. Mo rọbí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Ó ké nígbà tó wáyé, gbogbo wọ́ọ̀dù ló gbọ́. Ẹ̀rọ máa ń ké?"

"Màámi, kò gbọ́ Yorùbá."

"Kò gbọ́ Yorùbá, ó wá mọ èèyàn án bú!"

Kaosarah rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ síwájú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pin. Ẹ̀rọ kó àwòrán jáde, ó ní kó yan èyí tó tọ́ níbẹ̀. Ìyá Òyìnbó kàn ń sọ pé "àwòrán, àwòrán, àwòrán" lọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó ṣe ojú-ewé náà kò kọ nǹkan kan sí wọn lára tí ohùn lè kà. Irú nǹkan báyìí sì máa ń ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ kó fetí gbọ́ ọ̀rọ̀ dípò àwòrán. Kaosarah wá a lókè, ó wá a nísàlẹ̀, kò sí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹnì kan jókòó sínú ọ́fíìsì, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lára, ó ṣe ìlẹ̀kùn, ó sì wọn ìlẹ̀kùn náà mọ́ ara tirẹ̀ nìkan.

"Bàbá!" Kaosarah kígbe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan."

Sàídì jáde láti ìdí pákó, ìyẹ̀fun ayùn bò ó lórí bámúbámú. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, àyà rẹ̀ wú. "Ojú ni wọ́n ń wá? Ojú mi tó ń gé pákó gún régé láìfi téèpù wọ̀n ọ́n? Ẹ gbé e wá!" Ó lọ fọ ọwọ́, ó lọ dé fìlà, ó padà wá jókòó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Kaosarah ló mọ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá rẹ̀ ló ríran. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ẹ kò rí i?

"Bàbá, wọ́n ní kí a tẹ gbogbo àwòrán tí ibi tí èèyàn ń gbà sọdá títì bá wà nínú ẹ̀."

Sàídì wo fóònù. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ibi tí èèyàn ń gbà sọdá títì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kaosarah, ibo ni èèyàn kì í gbà sọdá títì? Látibí títí dé Owódé, ibi tó bá ti wu ẹsẹ̀ kálukú ló ń gbà." Ó wá ń tẹ gbogbo àwòrán tí títì bá ti wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìka ńlá rẹ̀ tó ń tẹ méjì pọ̀ nígbà mìíràn.

Ìyá Òyìnbó sọ̀rọ̀.

"Ó ní kí ni?"

"Ó ní kí a tún un gbìyànjú, sà."

"Sọ fún un pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí."

Ariwo yìí ló gbé Ìyá Esther yọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì mú ìjókòó rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa pẹ́. Ààfáà Abdulmujeeb náà tẹ̀lé e. Ó ní òun kàn ń kọjá ni. Ààfáà máa ń kàn ń kọjá ni.

Àwòrán tuntun jáde, ìbéèrè kan náà ni. Sàídì fojú sún mọ́ ọn. "Dúró ná. Ìlà funfun gbọọrọ gbọọrọ wà lójú títì nínú èyí. Ó wà nínú èyí náà. Kaosarah, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun ni wọ́n ń wí."

Ààfáà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, ojú rẹ̀ sì tàn. "Sùbúhánálláà! Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ẹ̀ ń wò ni? Ìlà sọ́fù nìyí! Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó lẹ́yìn ara wọn. Àwọn òyìnbó ti ń gba Ìsìláàmù lọ́pọ̀lọpọ̀, mọ́sálásí ò gbà wọ́n mọ́, ojú títì ni wọ́n ti fẹ́ kírun Yídì. Sàídì, o ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ o! Ṣé èèyàn máa ń gba iwájú ẹni tó ń kírun sọdá ni?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni," Sàídì dáhùn, ẹ̀rù sì bà á díẹ̀.

"Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá!"

"Ààfáà," Ìyá Esther ní bó ṣe na ọrùn wo àwòrán náà, "sọ́fù wo ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù onífìlà?"

"Ìyá Esther, ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́sìn sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀."

Kaosarah kò rí ìlà funfun rí láyé rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ? Bí wọ́n ṣe fi èyí tó tọ́ sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n lọ tẹ gbogbo èyí tó kù. Ìyá Òyìnbó tún ní kí wọ́n gbìyànjú sí i. Ààfáà ní obìnrin náà kò mọ Ọlọ́run.

Ìbéèrè wá yí padà. Wọ́n ní kí wọ́n wá ẹ̀rọ tí panápaná ti ń fa omi lẹ́bàá títì. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí Sàídì ń rí ni nǹkan pupa kúkúrú kan tó dá dúró, tó ní apá méjì kékeré.

"Ọmọ ni!" Àwáwù ké. "Ọmọ kékeré tó wọ hìjáàbù pupa! Ta ló fi ọmọdé sílẹ̀ lẹ́bàá títì?"

Ìyá Esther fa fóònù mọ́ imú. "Ọmọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe hìjáàbù. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni."

"Hìjáàbù ni!"

"Ìyá Kaosarah, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni, ẹ wo ọrùn ẹ̀!"

"Ẹ̀yin tí ojú yín ń ṣe bàìbàì!"

"Ojú mi ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo mọ akọrin."

"Màámi, Ìyá Esther, ẹ jọ̀ọ́," Kaosarah bẹ̀bẹ̀. "Bàbá, ẹ tẹ ohun pupa yẹn, níbikíbi tó bá wà."

Sàídì tẹ ọ̀kan. Ó tẹ èkejì. Gbogbo wọn mú èémí dání. Ó ku ẹyọ kan péré, ìka Sàídì ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ni fóònù bá gbọ̀n rìrì, Ìyá Òyìnbó sì fi ohùn rẹ̀ tí kò mọ Yorùbá án pè kígbe pé, "Sim-bí-éètù Áwò! Sim-bí-éètù Áwò!"

Sìmbíátù ni. Ìpè rẹ̀ gba ojú fóònù pátápátá. Nígbà tí Kaosarah fi máa gé e, tó máa padà síbi àwòrán, Ìyá Òyìnbó ti ní ọ̀rọ̀ tuntun: wọ́n ti gbìyànjú jù, ẹ̀rọ kò gbà pé èèyàn ni wọ́n, ó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ fóònù yìí, kí wọ́n padà wá lọ́la.

Lọ́la kọ́. Òní ni ohun gbogbo máa parí.

Òórùn nǹkan tó ń jóná gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀wà ni. Kò sẹ́ni tó dìde.

Kaosarah gbé fóònù lé itan. Kò sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ríran, èmi ni mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pa àwa méjèèjì pọ̀, a ò tó èèyàn kan lójú wọn."

Sàídì ṣí fìlà. Ohun tó yẹ kó sọ pọ̀, èyí tí kò yẹ ló mú. "Bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Awo náà ò burú. Sìmbíátù á tọ́jú ẹ."

"Ọlọ́run?" Àwáwù yí sí i. "Ọlọ́run ló ya fọ́tò ọmọ onípupa? Bàbá Kaosarah, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ o. Ọmọ tó ń ka ìwé fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀yin fẹ́ kó lọ máa da omi ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ nù ní Awo! Nígbà tí ẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá yín ka ìwé tí oníbàárà yín láti Òṣogbo kọ, ẹ̀ ò rántí Awo. Nígbà tí Ìyá Esther ń wá Sáàmù, kò sẹ́ni tó rántí Awo!"

Ìyá Esther tẹjú mọ́lẹ̀. Ààfáà ní òun ti ń kọjá lọ, ṣùgbọ́n kò kọjá.

"Olúfẹ́mi ńkọ́?" Kaosarah ní. "Kọ̀ǹpútà pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó mọ̀wé, ó sì ríran. Fóònù yìí ni wọ́n tì, wọn ò tì mí."

Bí gbogbo wọn ṣe gbéra nìyẹn: Sàídì níwájú, Kaosarah dì í mú léjìká, Àwáwù lẹ́yìn, Ìyá Esther, àti Ààfáà tó ń kọjá. Ará àdúgbò ń kí wọn pé, ṣé kò sí o, ibo ni gbogbo yín ń lọ báyìí? Àwáwù ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn. "A ń lọ jẹ́rìí pé èèyàn ni wá!" Ẹni tó béèrè náà ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn lọ, ó ṣọ́ wọn bọ̀.

Èèyàn kún ṣọ́ọ̀bù Olúfẹ́mi fọ́fọ́. Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ níta. Sàídì rò pé inú ilé ìgbéyàwó lòun wọ̀, àfi bí kò ṣe sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Olúfẹ́mi fúnra rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ pọ́n kankan.

"Olúfẹ́mi, ọmọ mi," Sàídì ní, "jọ̀ọ́, wá bá àbúrò ẹ wo ojú-ewé yunifásítì yẹn. Ó ní…"

"Ó ní kí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé èèyàn ni yín," Olúfẹ́mi bá a parí rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo gbogbo àwọn tó wà níbí yìí. Ohun tó kó wọn wá nìyẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń tẹ àwòrán, mi ò tíì di èèyàn."

Kaosarah ní, "Àwọn wo?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Àgbẹ̀ kan láti Alajue ní ojú fóònù ọmọ òun ti là, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ilé ni àwọn ń wò ni o tàbí màlúù. Ìyá kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìhà ọ̀dọ̀ àwọn, ìlàjì àwòrán ló ń gbé wá, ìlàjì tó kù á ní òun ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ ń ríran kedere, Tèmítọ́pẹ́, ní òun mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, òun sì yan èyí tó tọ́, ẹ̀rọ ṣì kọ̀, ó sì ti òun mọ́ta. Ó ń sunkún. Kaosarah yíjú síbi tí ẹkún náà ti ń wá. Láti àárọ̀ ló ti rò pé nítorí ojú òun ni.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn.

"Ẹ ti pe nọ́ńbà wọn?" Kaosarah bi wọ́n.

"Nọ́ńbà wo?" Olúfẹ́mi ní.

"Nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́. Ìyá Òyìnbó kà á láàárọ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wọn."

Olúfẹ́mi yí ojú-ewé lọ sísàlẹ̀. Ó yí i, ó yí i. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fojú kan gíláàsì. Lẹ́tà bíńtín bíi ẹsẹ̀ èèrà, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú-ewé dọ́gba. "Ó mà wà níbẹ̀ lóòótọ́! Èmi tí mo ti ń wò ó láti àárọ̀!"

"Ẹ̀yin ń wò ó ni, sà. Èmi, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà fún mi, mo fẹ́, mo kọ̀."

Kaosarah pè, ó sì tan ohùn síta kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. Ó dún títí. Ọkùnrin kan gbé e, ó ní òun ni Kọ́láwọlé, òun ni òun ń bójú tó ojú-ewé náà. Kaosarah kúnlẹ̀ kí i. Bí ọkùnrin náà kò tilẹ̀ rí i, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Orúkọ mi ni Kaosarah Sàídì, ẹ ti gbà mí síbi ìmọ̀ òfin. Mi ò ríran, sà. Àwòrán tí ẹ fi síwájú ilé yín kò jẹ́ kí n wọlé."

"Há, pẹ̀lẹ́. Ìyẹn ò le. Kí ẹni tó ríran bá ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀yin náà ríran, sà?"

"Mo ríran dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, kí Kaosarah dúró. Wọ́n gbọ́ tí ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. "Ẹ̀ẹ̀n. Ibi ìsọdá títì. Ọ̀kan rèé… òmíràn rèé…" Ó dákẹ́. "Ó ní kí n tún gbìyànjú. Kò sóhun tó ṣe é." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Ṣé igi yìí wà lára ẹ̀ ni? Wọ́n máa ń ka òpó mọ́ ọn nígbà mìíràn…"

"Ẹ ṣọ́ra fún ìlà sọ́fù o!" Ààfáà kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ta nìyẹn?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, sà," Kaosarah ní. "Ẹ máa bá a lọ."

Ó pẹ́. Wọ́n gbọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé ń kùn, wọ́n gbọ́ tó ń fi nǹkan na tábìlì, lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Sà?" Kaosarah ní. "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kí ló sọ, sà?"

"Ó ní… Ó ní kí n padà wá lọ́la."

Ẹ̀rín bú jáde nínú ṣọ́ọ̀bù náà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù. Àgbẹ̀ Alajue gbá ọwọ́ lu itan. Tèmítọ́pẹ́ tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ikun nímú. Àwáwù ló gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, Kọ́láwọlé, má bínú o. Ìyá tó bí ẹ ńkọ́? Wá a lọ sílé, kó wá jẹ́rìí fún ẹ pé èèyàn ni ẹ́!"

Kaosarah gba fóònù padà. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin, lọ́la, ẹ máa padà wá, ọ́fíìsì yín á ṣì wà níbẹ̀. Àwa, a ò ní lọ́la, sà. Gbogbo wa tá a wà níbí ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ èèyàn, ẹ fi ọ̀rọ̀ béèrè. Ohun tí èmi bá lè fetí gbọ́, ẹni tí fóònù ẹ̀ là á rí i, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ń fà á rí i. Kò ní le fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fún mi láyè," ọkùnrin náà ní, ó sì gé fóònù.

Wọ́n dúró. Oòrùn ń wọ̀. Ìyá Esther ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ ní orúkọ Jésù, Ààfáà ń fa tẹ̀súbáà, kálukú ń fi etí kan gbọ́ tẹnì kejì bóyá ó ti ju tòun lọ. Sàídì kò jókòó. Ó fọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká, bí ọmọ náà ṣe ń ṣe sí i nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá pe ìrun mágírí ìrọ̀lẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, á jẹ́ pé ó parí nìyẹn.

Olúfẹ́mi ló kọ́kọ́ pariwo. "Àwòrán ti lọ! Ẹ wá wò ó! Ó ti lọ!"

Kaosarah jókòó sídìí fóònù rẹ̀. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn ti ṣí. Ìyá Òyìnbó bi í ní ìbéèrè, ó sì yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ó ní, mẹ́rin pẹ̀lú márùn-ún, mélòó ni?"

"Mẹ́sàn-án!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló dáhùn. Sàídì ṣì ń fi ìka kà á lọ́wọ́, kó lè dá a lójú. Ó kà á dé òpin, ó ní, "Mẹ́sàn-án ni lóòótọ́. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé. Ó wá "Mo gbà" kàn, ó tẹ ìyẹn náà. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Òyìnbó fi ohùn tútù rẹ̀ kí i káàbọ̀, ó ní "Kéó-sárà Séèdì", ó fọ́ orúkọ bàbá, ó fọ́ tọmọ.

"Ó pe orúkọ mi," Sàídì ní. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní ìyẹ̀fun ayùn ló kó sí òun lójú. Ìyẹ̀fun ayùn wo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà? Kò sẹ́ni tó bi í. Lẹ́yìn Kaosarah ni Tèmítọ́pẹ́ wọlé, ọmọ àgbẹ̀ Alajue tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí Olúfẹ́mi fi pa jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, ẹ̀wà ti jóná kọjá àtúnṣe. Àwáwù bu òkè rẹ̀ sínú abọ́, ó da epo lé e, gbogbo wọn sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú òórùn èéfín rẹ̀. Ààfáà jẹ lára rẹ̀. Ó ní kí Kaosarah jọ̀ọ́, bí kò bá ní le jù, kó bá òun tan ohùn sí fóònù òun náà, ojú òun fẹ́ máa rẹ òun bí òun bá ń ka nǹkan. Ìyá Esther wò ó, ó kàn ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Abọ́ Sàídì ni Àwáwù gbé kẹ́yìn. Ẹran wà nínú rẹ̀. Sàídì wo ẹran, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ ọmọ náà. Ojú mi méjèèjì là, mi ò rí i." Àwáwù ní kó máa jẹun kó má tutù.

Ìgbà náà ni fóònù Kaosarah tún gbọ̀n. "Sim-bí-éètù Áwò! Sim-bí-éètù Áwò!"

Sàídì nu ọwọ́, ó ní kí Kaosarah gbé e fún òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń pè láti àárọ̀! Ṣé kí n wá mú un lọ́la?"

"Rárá, Sìmbíátù. Wá ẹlòmíràn bá ẹ gbé ọmọ. Kaosarah ń lọ kọ́ òfin."

Sìmbíátù rẹ́rìn-ín. "Òfin? Kaosarah tí kò ríran? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yé ṣàwàdà. Kí ni irú wọn máa fi òfin ṣe?"

Sàídì wo ọmọ rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì, tó ń fọwọ́ wá ẹ̀wà tó kù nínú abọ́.

"Ẹ̀rọ ti gbà pé èèyàn ni," ó ní. "Èmi bàbá ẹ̀ náà ti gbà. Ó ku ìwọ."